Ẹyẹ funfun ará Bali, àti bí owó ọjà ṣe fẹ́ pa á run

Fọ́tò ẹyẹ tí wọ́n fi síbí lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn kan ní lékeléke tí wọ́n kùn lójú ni, kì í ṣe lékeléke o, ẹnikẹ́ni ò sì kùn ún. Bó ṣe rí nìyẹn. Jalak Bali ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Nínú gbogbo igbó ayé, erékùṣù Bali ní Indonesia nìkan ni ilé rẹ̀.

Ó funfun báláú. Ṣóńṣó apá àti ṣóńṣó ìrù nìkan ló dúdú. Awọ tó yí ojú rẹ̀ ká kò ní ìyẹ́ rárá, búlúù ni, ó mọ́ bí àdìrẹ tuntun. Ìyẹ́ gígùn kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Bí akọ bá ń kọrin fún abo, á nà án sókè, á wá máa mi orí wùkẹ̀wùkẹ̀. Kò tó ẹyẹlé, bíi sẹ̀ǹtímítà 25 péré ni.

Ẹ má rò pé inú igbó kìjikìji ló ń gbé o. Apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Bali gbẹ, igi fọ́nká, koríko wà láàrin wọn, ó jọ ọ̀dàn tí ẹ̀yin ará òkè Ọya mọ̀. Ihò tí àkókó ti gbẹ́ sára igi ló máa ń yé sí, ẹyin 2 tàbí 3.

Ọdún 1912 ni Erwin Stresemann, ará Jámánì, kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Ẹwà ẹ̀ ló kó bá a. Ará Indonesia fẹ́ràn ẹyẹ inú àgò gan-an. Ẹ̀yin náà mọ ọjà: ohun tó bá ṣọ̀wọ́n, owó ẹ̀ á lọ sókè, kálukú á sì máa wá a. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe aṣọ tí ilé iṣẹ́ á tún hun. Bí ẹyẹ ṣe ń dínkù ni owó ń gòkè, bí owó ṣe ń gòkè ni ọdẹ ń pọ̀. Òfin ti wà láti 1970, wọn ò gbọ́. Ní 1999, adigunjalè wọ ibi tí wọ́n ti ń sin ín nínú ọgbà ìjọba, wọ́n kó bíi 39 lọ! Nígbà tó fi di 2001, kò ju bíi 6 lọ nínú igbó.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọ́n gba àwọn ará abúlé kan láàyè láti máa sin ín pẹ̀lú ìwé àṣẹ, òrùka a wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń pa owó lórí ẹ̀ nílé, kí ló fẹ́ lọ dẹ nínú igbó? Láti 2006 ni wọ́n tún ti ń tú u sílẹ̀ ní Nusa Penida, erékùṣù kékeré tó wà nítòsí.

Ẹni tó béèrè nípa odídẹrẹ́ tí wọ́n ní kó bá àwọn gbé kọjá bọ́dà: ipele òfin àgbáyé kan náà ni òun àti ẹyẹ Bali yìí wà láti 2017. Ẹ má gbé e o, bó ti wù kí owó ẹ̀ pọ̀ tó.