Ọmọ Wa Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga: Ta Ni Ọ̀rẹ́ Rẹ̀?

Bí ọmọ bá gba ìwé ìgbàwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ohun tí ìdílé kọ́kọ́ máa ń rò ni owó ilé ìwé àti owó ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé kì í kà sí, tí ó sì kan ìlera ọmọ náà gan-an: àwọn tí yóò bá kẹ́gbẹ́ níbẹ̀.

Ní agbègbè wa yìí, ní Ketu, Ìkòsì àti Mile 12, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ti ilé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọkọ̀ BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú ní 2015 ń gbé wọn lọ sí Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe títí di 2022. Àwọn mìíràn ń wọ dánfó lọ sí Yaba tàbí Akoka láàárọ̀, wọ́n a sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní èrè tirẹ̀: a kò san owó yàrá, ọmọ ń jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ ní ìsọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí olùkọ́ bá ti ń jáde báyìí, ọmọ náà ti ń wá ọkọ̀ ilé.

Èmi tí mo ń kọ èyí mọ̀ ọ́n dájú. Láti ilé ni mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ata ni ìyá mi ń tà, aago méjì ọ̀sán ni mo sì gbọ́dọ̀ ti dé ìsọ̀ kí n lè gbà á sílẹ̀ kí ó sinmi. Títí sáà àkọ́kọ́ fi parí, n kò mọ orúkọ ẹni márùn-ún nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fa àkókò ìdánwò kan síwájú. Abẹ́ igi tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń jókòó sí ni wọ́n ti sọ ọ́ fún ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó rántí mi. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Mo sunkún dé ilé. Ìyá mi ní, “Ṣé o kò ní ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀ ni?” Mo ní, “Màámi, ìgbà wo ni mo fẹ́ yan ọ̀rẹ́?” Kò fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó bẹ ọmọ àbúrò rẹ̀ kan kí ó máa jókòó ti ìsọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́bọ̀, ó sì ní kí n máa dé ní aago mẹ́fà ní ọjọ́ méjèèjì. Wákàtí wọ̀nyẹn ni mo fi rí àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní títí di òní.

Ẹ lè béèrè pé kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìlera. Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé ẹnì kan nínú ẹni mẹ́fà ní ayé ni ìdánìkanwà ń bá fínra, àti pé ikú tí ó lé ní 871,000 lọ́dún ni ó tan mọ́ ọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìkan. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 29, bí ẹni 17 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé ó ń ṣe àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìdánìkanwà ń bá fínra súnmọ́ àárẹ̀ ọkàn ní ìlọ́po méjì ju ẹni tí ó ní alábàárò lọ, ewu àrùn ọkàn àti ti rọpárọsẹ̀ rẹ̀ sì ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ pàápàá a máa fà sẹ́yìn.

Mo mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù. Gbogbo ìyá ni ó máa ń sọ fún ọmọ pé àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni, ẹ̀rù náà kò sì ṣàdédé wá: a kò tíì gbàgbé oṣù keje 1999, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa, òfin 2021 la ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí àgùntàn má bá àgùntàn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Lójú tèmi, ọmọ tí ó dá wà gan-an ni ó rọrùn jù fún wọn láti fà, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìpàdé rẹ̀ ní gbangba, tí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ sí: ẹgbẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ eléré ìdárayá, ìdàpọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni, tàbí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Èkó níbí ní 1954. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní kí ó búra, tàbí kí ó má sọ fún ará ilé, kí ó sá fún un kíákíá.

Ọmọ onítìjú kò ní láti di aláriwo kí ó tó ní ọ̀rẹ́. Kí ó máa jókòó sí ibi kan náà lójoojúmọ́, kí ó kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí kò yé e nínú iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn. Ọ̀rẹ́ kì í dé lọ́jọ́ kan. Rírí ara ẹni léraléra ni ó ń mú un wá. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó jọ ń kàwé tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ orí WhatsApp ń ran ni lọ́wọ́ láti gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àwọn tí ó jọ ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà pọ̀. Nítorí náà, ẹ fi owó díẹ̀ kún owó ọkọ̀ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìnákúnàá.

Bí ọmọ bá fẹ́ lọ sí òde ayẹyẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má fi ìbínú dá a dúró. Kí ó sọ ibi tí ó ń lọ àti àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, kí òun àti ọ̀rẹ́ tí ó bá lọ sì jọ padà. Kí ó má mu ohun tí a kò ṣí ní ojú rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún un nípa oògùn ikọ́ oníkodéìnì, tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní 2018. Ẹ sọ fún ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin bákan náà pé a kì í fi ara san gbèsè ọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ náà máa wá sí ilé. Ní ọjọ́ Sátidé, bí ẹ bá dé láti ọjà, ẹ se ìrẹsì fún wọn, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ wọn àti ilé wọn, ṣùgbọ́n kí ó má dà bí ìbéèrè ọlọ́pàá.

Bí ẹ bá sì rí i pé fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ kò jẹun bí ti tẹ́lẹ̀, kò rí oorun sùn, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ mú un lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tí ó súnmọ́ yín, tàbí kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa pé ayé sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.