Ta Ló Ni Fújì?

Ọmọkùnrin alásọ kan búra fún mi ní ọjà Sángò Ọ̀tà pé olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister, tó kú ní 2010, kò yá Fújì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín. Wéré tí wọ́n fi ń jí wa sí sààrì ni Barrister ti ń kọ láti kékeré. Ó da àpàlà àti sákárà pọ̀ mọ́ ọn. Wasiu Àyìndé, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tún ti ara rẹ̀ ṣe, Talazo '84 sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Èmi kò pe èyí ní olè.

“Bàbá, ta ló wá ń jí yín ní Ọ̀tà nígbà náà?”

Mo la ẹnu. N kò rántí orúkọ ẹyọ kan.