Ọpẹ́ Àwa Nọ́ọ̀sì Tuntun

Alhamdulillah, a ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìrókò, tí ẹ yan gàrí títí èéfín fi ń ta yín lójú, ibẹ̀ ni owó ìwé wa ti wá. Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san rere.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa. A kò sì lè ṣàì rántí Kofoworola Abeni Pratt, tó lọ kọ́ṣẹ́ yìí ní St Thomas', Lọ́ńdọ̀n, ní 1946, tó sì padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ̀nù UCH, Ìbàdàn.

Àwọn tí a kì í sábà dárúkọ ni àwọn aláìsàn. Apá wọn la fi kọ́ bí a ṣe ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe àdúà fún wa. Gbèsè wọn wà lọ́rùn wa. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ tọ́jú yín láìfọwọ́, ẹ dá a dúró, ì báà jẹ́ àwa. Omi àti ọṣẹ ni, ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán, kó tó fọwọ́ kàn yín àti lẹ́yìn rẹ̀. Kó má sọ pé òun ti ṣe àlúwàlá o: ìyẹn kò ní ọṣẹ nínú.