Ọ̀nà Tó Jẹ́ Kí Ojú Ráyè Wòran

Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ wá kí mi ní Colorado máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò ọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: orí òkè tí kò sí igi kankan mọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ tínínrín, ojú ọ̀run tó mọ́ gaara, àti ẹnì kan ṣoṣo tó ń sáré. “Àǹtí, ibí yìí ni kẹ́ ẹ mú wa lọ o.” Hope Pass ni ibi tí wọ́n ń wí lọ́pọ̀ ìgbà, lápá gúúsù ìlú Leadville. Ibẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kì í mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ síbẹ̀. Lórí òkè tó ga tó báyìí, ọ̀nà tó fi èémí sílẹ̀ fún èèyàn láti gbójú sókè ni mo ń pè ní ọ̀nà tó rẹwà. Èyí tó bá gba gbogbo èémí lọ́wọ́ ẹni, ilẹ̀ tó wà níwájú bàtà ni olúwa rẹ̀ máa wò títí tó fi máa padà sílé.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Aurora ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver. Denver fúnra rẹ̀ fi nǹkan bíi 1,600 mítà ga ju etí òkun lọ. Tí ẹ bá wa mọ́tò fún nǹkan bíi wákàtí méjì láti ibẹ̀ wọ àárín òkè, ẹ máa dé Leadville, tó ga tó 3,094 mítà. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Ìyẹn ni pé àwọn ará Leadville ń sùn, wọ́n ń jí, wọ́n ń ra búrẹ́dì, níbi tó ga ju ṣóńṣó orí òkè tó ga jù nílé wa.

Ọ́síjìn ibẹ̀ kọ́ ló yàtọ̀. Ìpín 21 nínú 100 ló jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ nínú ti Leadville. Àmọ́ bí èèyàn ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ tó kù lókè orí rẹ̀ ń dín kù, tí èyí tó wà láyìíká rẹ̀ kò sì kì mọ́. Èémí kan ní Leadville kò gbé ju nǹkan bí ìpín 70 nínú 100 ọ́síjìn tí èémí kan náà ń gbé létí òkun. Ara máa ń wá ọgbọ́n dá sí i. Láti ọjọ́ kìíní ni èèyàn á ti máa mí kíákíá, tí ọkàn á sì máa sáré. Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn ń gbà. Àlejò tó wá lo ọjọ́ mélòó kan kò lè dúró dè é. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ sùn ní Denver fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó máa mu omi, kó sì yan ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Bí orí bá ń fọ́ ọ tó sì ń bì, kò gbọdọ̀ gòkè sí i rárá; ìsàlẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ wà.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ bá mi gòkè, ì báà má dùn mọ́ wọn: kí ni jẹ́nótáìpù yín? Ẹni tó bá jẹ́ SS, n kò ní mú un lọ sí Leadville; kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. AS ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í rí wàhálà kankan láyé wọn. Ṣùgbọ́n níbi tó ga tí ọ́síjìn kò tó, pàápàá bí èèyàn bá tún ń fi ipá sáré, sẹ́ẹ̀lì lè tẹ̀ kó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen, èyí tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Kí AS tó bá ní ìrora líle níbẹ̀ má wulẹ̀ fara dà á. Kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó gba ọsibítù lọ, kó sì sọ fún wọn pé AS ni òun. Dókítà tó rí i lè má ronú kan ọ̀rọ̀ náà bí kò bá sọ ọ́.

Ọ̀nà tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ni Mineral Belt Trail. Ó yí ìlú Leadville ká, 18.7 kìlómítà ni, wọ́n sì da ọ̀dà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn asáré tó ń lépa òkè máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ nítorí ọ̀dà yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n tún un rò. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ gbà, rélùwéè tó ń kó òkúta fàdákà, òjé àti síǹkì jáde láti inú kòtò àwọn awakùsà. Ọkọ̀ ojú irin tó kún fún òkúta kò lè gun òkè tó dàgẹ̀rẹ̀ jù, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú ọ̀nà rẹ̀ gòkè. Ohun tó rọ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn láyé ìgbà yẹn ló rọ ẹ̀dọ̀fóró àlejò lọ́rùn lónìí. Kò sí gbòǹgbò, kò sí òkúta tó máa gbé èèyàn ṣubú. Ojú wà lómìnira.

Kí wá ni ojú máa rí? Lápá ìwọ̀-oòrùn, òkè Sawatch tò lọ rẹrẹ, Mount Elbert láàárín wọn, 4,401 mítà, tó ga jù nínú gbogbo òkè Rocky, pẹ̀lú Mount Massive lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yìnyín ṣì máa ń wà láàárín ìhà wọn nínú oṣù Keje. Lápá ìlà-oòrùn, ọ̀nà náà wọ àárín kùsà àtijọ́: òpó igi gìrìwò tí wọ́n fi ń gbé garawa jáde nínú kòtò, irin tó ti dípẹtà, òkìtì yẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí koríko kò hù lórí rẹ̀ títí di òní. Àwọn kan á ní ìyẹn bu ẹwà òkè kù. Èmi ò gbà. Nítòsí ibẹ̀ ni Matchless Mine wà, kòtò tó mú owó ńlá wọlé fún Horace Tabor. Nígbà tí owó fàdákà já wálẹ̀ lọ́dún 1893, ó pàdánù gbogbo rẹ̀, ó sì kú lọ́dún 1899. Ìyàwó rẹ̀, Baby Doe, padà wá ń gbé inú ahéré kékeré kan lẹ́bàá kòtò náà. Inú òtútù ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1935. Mo máa ń dá eré dúró níbẹ̀. Bí mo bá sáré kọjá láì wo ahéré yẹn, bíi pé n kò rí Leadville rárá ló máa ń ṣe mí.

Bí ẹ bá ń sáré tí ẹ kò lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ gbólóhùn kan parí, ẹ ti ń sáré jù, ẹ rìn. Ẹni tó bá rẹ̀, ọ̀nà náà kò jìnnà sílùú níbikíbi, ó lè gé e kúrú kó padà. Èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ̀nà etí adágún Turquoise Lake tutù, ó sì ń ta sánsán igi páínì, àmọ́ gbòǹgbò pọ̀ nílẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìrìn ìrọ̀lẹ́ ju eré lọ. Mount Elbert fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gun òkè.

Ó wá ku Hope Pass. Eré ìje ló sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí kùsà Climax dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, awakùsà kan, Ken Chlouber, dá eré 100 máìlì sílẹ̀ lọ́dún 1983 kí àlejò lè máa wá náwó ní Leadville. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn asáré náà ń gba Hope Pass kọjá, ní àlọ àti ní àbọ̀, wákàtí 30 ni wọ́n sì fún wọn. David Roche fi wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 26 parí rẹ̀ lọ́dún 2024, ó fọ́ àmì tí Matt Carpenter fi lélẹ̀ láti ọdún 2005. Láti adágún Twin Lakes dé ọrùn òkè náà, ìgòkè nǹkan bíi 1,000 mítà ni, ó sì ga ju 3,800 mítà lọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn asáré ìje náà ló ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹranko llama ló ń bá wọn ru oúnjẹ àti omi lọ sókè.

Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ òkè lè lọ síbẹ̀ nínú oṣù Keje tàbí Kẹjọ, nígbà tí yìnyín ti yọ́ tí omi odò ìsàlẹ̀ ti fà. Ṣùgbọ́n aago ni kó fi yan ọ̀nà. Ní oṣù méjèèjì yìí, ọ̀rinrin máa ń ti gúúsù wá, kùrukùru á bẹ̀rẹ̀ sí í ga ṣáájú ọ̀sán, nígbà tó bá fi di ọ̀sán, àrá ti dé. Níbi tó ga ju nǹkan bíi 3,500 mítà lọ, kò sí igi mọ́; èèyàn ló ga jù lórí ilẹ̀ náà. Ìdájí ni kí ẹ gbéra, kí ẹ sì ti padà sáàárín igi kí aago 12 tó lù. Àbúrò mi obìnrin wá láti Ìbàdàn, eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ju tèmi lọ, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn òkè nígbà tí mo rí i pé ìsàlẹ̀ kùrukùru ti ń dúdú. Ó ní, “Àǹtí mi, ó ku díẹ̀ péré.” Mo ní ká yí padà, ó sì yí padà. Ó bínú títí a fi dé ìdí mọ́tò, mi ò bá a jiyàn.

Nígbà tó tún wá, a lọ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, mo sì mú un gba Colorado Trail lókè Twin Lakes, níbi tí igi aspen pọ̀ sí. Ọ̀pá tó so ewé wọn mọ́ ẹ̀ka tẹ́ pẹrẹsẹ, atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, gbogbo ewé á máa gbọ̀n. Lásìkò yẹn, wọ́n ti di ìyeyè tòò. Ọ̀nà náà kò ga tó Hope Pass, àrá ọ̀sán ti dín kù, a sì ń sọ̀rọ̀ bá a ṣe ń sáré. Bí ẹ bá máa lọ lásìkò yìí, ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tàbí èyí tó pupa fòò, nítorí àwọn ọdẹ ti wọgbó nígbà yẹn.