Ààrò Àtijọ́ àti Iná Tuntun

Bí a bá ní kí a wá ohun tí ó pẹ́ jù lọ nínú ilé Yorùbá, ààrò ni a ó bá. Òrùlé ti kúrò ní koríko ó ti di páànù, ògiri ti kúrò ní amọ̀ ó ti di búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ààrò mẹ́ta tí àwọn baba ńlá wa ń gbé ìkòkò lé ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Àwọn àgbà tilẹ̀ fi pa òwe, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òtítọ́ ni òwe náà. Ohun tí kò sọ fún wa ni iye igi tí ààrò mẹ́ta ń jẹ kí ọbẹ̀ tó hó, àti iye èéfín tí obìnrin tí ń sè é ń fà sí imú.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgándò, Ìdímù àti Ìpájà wà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ rárá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni ó ní èrò jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó. Èrò tí a kà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ oko àti igbó, ẹni tí ó bá fẹ́ dáná kò ní ju kí ó mú àdá lọ ṣẹ́ igi wá. Nísinsìnyí, ilé ti gba ibi tí igi wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, yàrá mẹ́wàá ni ó kọjú síra wọn, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé. Owó ni wọ́n fi ń ra igi, owó ni wọ́n fi ń ra èédú, owó náà ni wọ́n sì fi ń ra gáàsì. Bí ìyàwó ilé bá tilẹ̀ ní sitóòfù gáàsì, bí ìnáwó bá dé, ìbáà ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí òkú àgbà, ààrò ni àwọn alásè yóò tò sí ìta, nítorí ìkòkò ìrẹsì ńlá kò ṣe é gbé lé sitóòfù kékeré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn tí ń yan ẹja tà, àti ti àwọn olóúnjẹ tí ń ro àmàlà fún èrò ọjà.

Kí wá ni àléébù ààrò? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí èéfín í ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí tí igi jó kù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí igi bá gbóná, oríṣiríṣi atẹ́gùn ni ó kọ́kọ́ ń tú jáde lára rẹ̀. Àwọn atẹ́gùn wọ̀nyí ni wọ́n ń jó tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Bí wọ́n bá rí afẹ́fẹ́ tó, tí ibi tí wọ́n wà sì gbóná tó, wọn yóò jó tán pátápátá. Bí wọn kò bá rí i, wọn yóò fò lọ ní èéfín. Èéfín, nígbà náà, ni igi tí a fi owó rà tí kò jó. Lórí ààrò mẹ́ta, ẹ̀fúùfù ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ń mú iná tutù, ó sì ń gbé ooru lọ. Àwọn tí wọ́n ti fi ìwọ̀n wò ó sọ pé bí ooru tí ó wà nínú igi bá jẹ́ ọ̀nà 100, nǹkan bí ọ̀nà 10 sí 15 péré ni ó sábà máa ń wọ inú ìkòkò. Àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run ni a ń bá yá iná ìyókù.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti burú jù ni àyà ènìyàn. Àwọn ègé tí ó wà nínú èéfín kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irun imú kò lè dá wọn dúró. Inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ni wọ́n ń lọ jókòó sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín ilé ìdáná rán lọ sí ọ̀run káàkiri ayé, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ó wà nínú wọn lé ní 237,000. Nígbà tí ìyá bá pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ó tẹ̀ ba síwájú ààrò láti fẹ́ iná, ẹni méjì ni ó ń fa èéfín náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ààrò àtijọ́ ń yọ lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń mú gidigidi, inú ògiri yàrá ni wọ́n ń kọ́ ojú ààrò sí, wọn a sì la ihò èéfín láti ibẹ̀ gba inú ògiri jáde lórí òrùlé. Iná náà ni gbogbo ará ilé ń yá. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ ń bá èéfín gba ihò lọ, afẹ́fẹ́ tí ó ti móoru nínú yàrá a sì tún tẹ̀ lé e. Ní oṣù Desẹ́ḿbà ọdún 1952, èéfín èédú láti ojú ààrò àwọn ilé àti láti àwọn ilé iṣẹ́ dàpọ̀ mọ́ kùrukùru ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó bo ìlú náà fún bí ọjọ́ márùn-ún, àwọn tí ó sì pa kò dín ní 4,000. Ní ọdún 1956 ni ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin láti dín èéfín kù ní àwọn ìlú ńlá.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí ojú ààrò tí ó ti wà nínú ògiri? Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wó o, owó ńlá ni. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n kan ṣe ń ṣe àpótí irin tí wọn yóò kì bọ inú ojú ààrò náà, kí ilé má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí iná yí padà. Benjamin Franklin ti ṣe irú rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1740 sí 1745. Ọ̀kan nínú àwọn ti òde òní ni ti onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Jerry Whitfield, tí ó gbé e jáde ní ìpínlẹ̀ Washington ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Kì í ṣe ìtì igi ni àwọn tí ó ní irú rẹ̀ ń kó sínú rẹ̀, bí kò ṣe kóró pákó.

Bí wọ́n ti ń ṣe kóró yìí tó ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe ìwádìí. Wọn a kó èérún tí ń jábọ́ lábẹ́ ayùn níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, wọn a sá a títí omi inú rẹ̀ yóò fi dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ alágbára a tì í gba inú àwọn ihò tóóró tí ó wà lára irin tí ó nípọn. Ìfúnpọ̀ náà a mú kí ó gbóná, oje tí Ọlọ́run ti fi dá igi a sì rọ̀, òun ni ó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò sí àtè kankan tí wọ́n ní láti fi sí i. Ohun tí yóò jáde a le bí egungun, kò nípọn ju pẹ́ńsù lọ, kò sì gùn ju ìdajì ìka lọ. Inú àpótí kan lókè sitóòfù ni wọ́n ń da kóró wọ̀nyí sí. Irin lílọ́ kan tí mọ́tò kékeré ń yí a máa bù wọ́n díẹ̀díẹ̀ sínú àwo iná, fáànù a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn láti abẹ́, fáànù kejì a sì máa fẹ́ ooru sínú yàrá. Páìpù tóóró tí wọ́n kì bọ inú ihò èéfín àtijọ́ ni ìwọ̀nba èéfín tí ó bá kù ń gbà jáde. Nítorí pé epo ìdáná náà gbẹ, tí ó sì ń wọlé ní ìwọ̀n, iná náà kì í ṣe èéfín púpọ̀, eérú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Àléébù rẹ̀ kan wà. Iná mànàmáná ni ó ń yí mọ́tò àti fáànù rẹ̀; bí iná mànàmáná bá lọ, ààrò kú nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Yàtọ̀ sí èyí, òtútù kì í mú wa débi tí a ó fi máa wá iná tí yóò mú yàrá gbóná. Oúnjẹ ni a ń fi iná sè.

Síbẹ̀, kóró pákó ṣe é fi se oúnjẹ pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, ilé iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Inyenyeri gbé irú ètò yìí kalẹ̀. Wọ́n fún àwọn onílé ní sitóòfù kékeré tí fáànù rẹ̀ ń lo bátìrì, wọn kò gba owó sitóòfù lọ́wọ́ wọn, kóró ni wọ́n ń tà fún wọn. Ẹni tí kò ní owó ní ìgbèríko lè kó igi wẹ́wẹ́ wá fi ṣe pàṣípààrọ̀ kóró. Ìlànà tí ó dára ni, nítorí owó sitóòfù gan-an ni ó máa ń dẹ́rù ba tálákà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Sitóòfù oníkóró kò sì gba ìtì igi. Ní ọjọ́ tí kóró bá wọ́n, ẹwà ilé lásán ni ó kù tí ó jẹ́, ìyàwó ilé yóò sì padà sídìí ààrò mẹ́ta rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró sí: ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ààrò, epo ìdáná rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wádìí, kì í ṣe sitóòfù. Ta ni yóò máa tà á? Ǹjẹ́ yóò wà ní ọjà Ìkòtún ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, ní ìwọ̀n tí ẹni tí ń rí owó lójoojúmọ́ lè rà?

Kì í ṣe pé èérún pákó wọ́n ní Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá ń gba orí afárá Third Mainland kọjá lẹ́bàá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni ó ń rí èéfín òkìtì èérún tí ń jó lásán létí ọ̀sà. Àwọn ará ìlú pàápàá mọ̀ pé epo ìdáná ni. Wọn a mú agolo ńlá, wọn a lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, wọn a gbé ìgò kan dúró sáàrin rẹ̀, wọn a da èérún yí i ká, wọn a sì kì í mọ́lẹ̀ gírígírí. Bí wọ́n bá rọra fa ìgò náà yọ, ihò a wà láàrin èérún náà, ibẹ̀ ni iná yóò sì máa jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kó igi sí i. Ọgbọ́n gidi ni èyí jẹ́, àmọ́ ó ń ṣe èéfín jọjọ bí èérún náà bá tutù.

Nítòsí wa ní Ìbàdàn, wọ́n ti wádìí ohun tí ìyípadà iná lè ṣe fún ara. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade ti Yunifásítì Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kó aboyún 324 jọ, àwọn tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní sitóòfù tí ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tí a lè fi ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ lórí iná tí wọ́n ti ń lò. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, ìfúnpá tí ẹ̀jẹ̀ ń ní nígbà tí ọkàn bá sinmi lọ sílẹ̀ lára àwọn tí ó yí iná padà ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun eré fún aboyún, nítorí ó lè pa ìyá, ó sì lè pa ọmọ. Ẹ kíyè sí i pé kẹrosíìnì wà nínú ohun tí wọ́n yí kúrò. Nígbà kan, ẹni tí ó bá kúrò nídìí igi tí ó bọ́ sídìí sitóòfù kẹrosíìnì ni a ń kà sí ọ̀làjú.

Gáàsì ni ó gbé ipò kẹrosíìnì ní ọ̀pọ̀ ilé ní Alímọ̀ṣọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe èéfín. Kìkì pé bí owó gáàsì bá gòkè, a máa ń rí i tí èédú àti igi tún ń padà wọ ilé. Kò yẹ kí a dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ebi kò gbọ́ àlàyé. Ẹni tí kò bá lè kúrò nídìí igi lónìí lè pààrọ̀ ojú ààrò rẹ̀ ní ibi tí ó wà gan-an. Kí ó mọ amọ̀ yí iná ká, tàbí kí ó ra èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi irin ṣe. Kí ẹnu tí igi ń gbà wọlé má tóbi. Kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ igi wọlé dípò orí rẹ̀. Kí àlàfo tí ó wà láàrin ìdí ìkòkò àti etí ààrò má fẹ̀ ju bí ọwọ́ iná yóò ti rí ọ̀nà jáde lọ. Kí ó la igi sí wẹ́wẹ́, kí ó sì sá a gbẹ. Kí ó má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ inú yàrá tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ìbáà ṣe pé òjò ń rọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde láti ara èédú tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì máa ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ààrò tuntun rẹ̀ sàn ju ti àtijọ́ lọ lè fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó. Kí ó ka iye ìdì igi tí ó rà, kí ó sì wo ìdí ìkòkò rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ keje. Bí iyẹ̀pẹ̀ àti kànìnkànìn bá tètè fọ̀ ọ́ mọ́, iná náà ń jó igi rẹ̀ tán nìyẹn.