Iná tó lọ ní Ghana ló kó Maersk yọ: Ohun tó yẹ kí alámòójútó kọ̀ǹpútà máa ṣe

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn. Èsì ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì ti ọdún náà ló fa ẹkún. Àwọn ọmọ tó jókòó ìdánwò náà lé ní 1,900,000, ṣùgbọ́n àwọn tí máàkì wọn kò tó 200 lé ní 1,500,000. Àwọn òbí pariwo, àwọn ọmọ náà yarí. Nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣe sórí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, tí wọn kò sì ṣe é dé orí àwọn kan tó wà fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò. Ibùdó ìdánwò 157 lọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọ 379,997 ni wọ́n sì ní kó padà wá tún ìdánwò ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kọ̀ǹpútà náà kò kú, iná kò lọ, kò sí ẹ̀rọ tó ń rú èéfín. Gbogbo rẹ̀ ń tàn, ó ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó fura títí èsì fi jáde. Bí iṣẹ́ àwọn tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá wọ́ ni gbogbo ayé máa ń bèèrè wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ará Èkó àti Abuja nìkan mọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, báńkì kéékèèké tó ń yá àgbẹ̀ lówó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti kó ìwé owó àti orúkọ ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ yín tàbí ọmọ ará ilé yín ló sì jókòó tì í. Ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí wúlò fún un, ó sì wúlò fún ẹ̀yin tí ẹ gbà á síṣẹ́.

Ká tó máa bọ̀, kí ni wọ́n ń pè ní sáfà? Kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú fáìlì, tó sì ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn ni. Ẹ fi í wé kànga àdúgbò. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni korobá tí kálukú gbé wá. Bí korobá ẹnì kan bá jò, òun nìkan ló kàn. Bí kànga bá gbẹ, gbogbo àdúgbò ló máa pariwo.

Ìdí nìyí tí alámòójútó tó mọṣẹ́ kì í fi í sáré fọwọ́ kan nǹkan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó pè é: ṣé ẹ̀yin nìkan ni, àbí gbogbo ọ́fíìsì? Bó bá jẹ́ ẹnì kan, korobá ni, kó lọ wo kọ̀ǹpútà onítọ̀hún. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, kó fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀, kó gba ọ̀nà ìdí kànga lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí máa ń dín wákàtí mẹ́ta kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìbéèrè kejì ni pé ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kí ló sì ti yí padà láti ìgbà náà? Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún un ni pé, "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o." Kó má bá wọn jà. Kó rọra tún un bèèrè: ṣé wọ́n gbálẹ̀ láàárọ̀? Ṣé wọ́n sún tábìlì? Ṣé wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun dé? Ìgbálẹ̀ ti fa wáyà yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ rí lọ́pọ̀ ibi. Bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá sì jẹ́ àgbà, ọ̀nà tí ọmọdé gbà bi í léèrè ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ wo ọgbọ́n kan tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ń dá. Wọn kì í bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti ki wáyà bọ̀ ọ́?" torí pé bẹ́ẹ̀ ni ni àgbà máa dáhùn. Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yọ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fẹ́ eruku ẹnu rẹ̀, kí ẹ tún un kì padà." Bí wáyà náà kò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i, ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ iná ló yẹ ká kọ́kọ́ máa fura sí. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ga tó ń wálẹ̀, ọ̀tá kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹ̀rọ bá kú fin-ín, kí alámòójútó gbìyànjú ojú iná mìíràn àti wáyà mìíràn kó tó tú u. Bó bá tàn, àmọ́ tó ń han pípì pípì tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé páálí kékeré inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RAM ló ti mì kúrò níbi tó wà. Kó yọ wáyà iná kúrò pátápátá, kó fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ náà kí iná tó wà lára òun fúnra rẹ̀ lè wọlẹ̀, kó wá yọ RAM náà, kó rọra fi rọ́bà ìpàwérẹ́ tó mọ́ nu ibi tó ń dán lára rẹ̀, kó sì tún un tì bọ ibẹ̀ títí yóò fi dún ko. Eruku ọyẹ́ náà tún ń ṣe tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣàdédé pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án, tó sì ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, ooru ló ń mú un. Kí wọ́n wo fáànù inú rẹ̀.

Àìsàn kan tún wà tó máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Kọ̀ǹpútà á tàn dáadáa, íntánẹ́ẹ̀tì á wà, síbẹ̀ gbogbo ibi tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ lórí rẹ̀ ni yóò máa sọ pé kò ní ààbò. Wọ́n á yí modem padà, wọ́n á bú iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Ẹ ní kí wọ́n wo déètì ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Bó bá ń ka ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́, bátìrì róbótó kan tó dà bí kọ́bọ̀, tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ló ti kú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ lè gba owó kọ̀ǹpútà odindi lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì tó kọ̀ tí kò lọ, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan là ń gùn ún bí àkàbà. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní ping, tó dà bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá ará ilé wà nílé. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn router tó wà nínú ọ́fíìsì. Bí ìyẹn bá dáhùn, kó kan ti 8.8.8.8, tó wà lẹ́yìn odi. Bí èyí náà bá dáhùn, àmọ́ tí orúkọ bíi google.com kò dáhùn, ọ̀nà kò dí rárá, ẹni tó ń túmọ̀ orúkọ sí nọ́ńbà, ìyẹn DNS, ni kò sí nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà náà fún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ó túmọ̀ sí pé kò tíì rí router bá sọ̀rọ̀ rárá. Kó padà sídìí wáyà.

Ẹ óò ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yìí pé, "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn." Òótọ́ ni, ó máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Sáfà tí wọ́n ń pa tí wọ́n ń tàn lójoojúmọ́, ohun tó ń ṣe é ṣì wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó pa á, kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán ohun tó kọ sójú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tún máa ń kọ ìwé ìrántí ohun tó ṣe é. Event Viewer ni wọ́n ti ń kà á lórí Windows, inú /var/log ló máa ń wà lórí Linux. Ìgbà mìíràn, ìwé ìrántí náà gan-an ló máa ń pọ̀ jù tí yóò fi kún inú dísìkì fọ́fọ́, tí sáfà kò ní lè kọ nǹkan kan mọ́. Kí wọ́n máa tún nǹkan kan ṣoṣo ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan òmíràn. Aláìsàn tó mu àgbo mẹ́rin pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kò lè mọ èyí tó wò ó sàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ èyí tó fún un ní inú rírun.

Èyí tó wá ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tí a tọ́jú pamọ́. Ibí yìí la ti fẹ́ sọ ìtàn Maersk.

Iléeṣẹ́ ará Denmark tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù káàkiri ayé ni Maersk. Àwọn tí ọjà wọn máa ń gba Àpápá wọlé mọ̀ wọ́n, nítorí APM Terminals tó wà níbẹ̀, ara wọn ni. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní NotPetya bọ́ sínú ayé láti Ukraine. Inú àtúnṣe ètò ìṣirò owó kan tí wọ́n ń lò níbẹ̀, M.E.Doc, ló fara pamọ́ sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ojú kọ̀ǹpútà Maersk ti dúdú káàkiri ayé, àwọn tírélà tò lẹ́nu géètì èbúté, kò sí ẹni tó mọ ẹrù ta ni ó wà nínú kọ̀ǹténà wo.

Iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀dà ọ̀pọ̀ fáìlì rẹ̀ nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò rí. Ó ní nǹkan bí 150 sáfà tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ìwé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ibi tí kálukú láṣẹ láti wọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Láìsí wọn, kò sí ohun tó ṣeé tún kọ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àwọn yòókù wà, torí pé gbogbo wọn ló ń da ìwé náà kọ lára ara wọn. Kò sí ẹni tó rò ó pé gbogbo wọn lè parẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n sì parẹ́ lóòótọ́, àyàfi ẹyọ kan, tó wà ní ọ́fíìsì wọn ní Ghana. Kí ló yọ ọ́? Iná ló lọ ní Ghana kí kòkòrò náà tó dé. Sáfà náà kú, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ yè.

Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lágbára tó láti fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe. Ọjọ́ púpọ̀ ni ì bá gbà. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kan wọ bàálù gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní físà ìlú ọba nínú wọn. Ni ọ̀kan nínú wọn bá gbé dísìkì náà wá sí pápákọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ó fà á lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́, onítọ̀hún ló sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi tún ètò gbé sórí 4,000 sáfà àti 45,000 kọ̀ǹpútà. Àdánù wọn wà láàárín 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là.

Iná tó lọ, tí a máa ń bú NEPA sí, ló ṣe wọ́n lóore lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ọ̀gá kan kò lè fi irú oríire bẹ́ẹ̀ ṣe ètò. Ẹ̀dà tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú sáfà, tí wáyà so wọ́n pọ̀, ohun tó bá pa ìyá rẹ̀ lè pa òun náà. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa da ìwé owó rẹ̀ sórí dísìkì kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé mìíràn. Kí wọ́n sì máa ṣí i wò. Iléeṣẹ́ GitLab, tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ́ èyí lọ́nà líle lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lóru pa fáìlì rẹ́ lórí sáfà tí kì í ṣe èyí tó rò. Nígbà tí wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà tó yẹ kó máa wọlé lójoojúmọ́, òfìfo ni wọ́n bá. Ó ti dáwọ́ dúró, lẹ́tà tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ṣàdédé ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n.

Ohun kan ṣì kù, òun ni pásíwọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, ọdún 2024, àtúnṣe kan tó ní àléébù láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike da nǹkan bí 8,500,000 kọ̀ǹpútà Windows rú. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lọ́nà Safe Mode, kí wọ́n pa fáìlì kan rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló tì pa tó ń béèrè nọ́ńbà oníye 48 kó tó ṣí, inú sáfà tó ti kú lọ́jọ́ kan náà sì ni àwọn iléeṣẹ́ kan tọ́jú nọ́ńbà wọn sí. Orí tákàdà ni kí ọmọ tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà yín kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà router àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀dà wò kẹ́yìn. Kí ìwé náà wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ó kéré tán ènìyàn méjì sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wà.