Òjé Nínú Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé: Ṣé Ewéko Lè Fà Á Jáde?

Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àtijọ́ ní àdúgbò English Avenue pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, mo fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewúro, wọ́n ní òjé wà nínú ilẹ̀ wa. Ọmọ mi kà á pé èèyàn lè fún ewéko ní hòmóònù kó fa òjé náà jáde. Ṣé òótọ́ ni?" Mo ní, "Mọ́mì, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má tíì gbin nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ òjé yẹn kì í ṣe àhesọ. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eri Saikawa ti Yunifásítì Emory àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò tó ń dá ọgbà, ń yẹ ilẹ̀ wò ní ìwọ̀-oòrùn Atlanta. Wọ́n bá ìdàrọ́ níbẹ̀, pàǹtí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láyé àtijọ́, tí wọ́n fi dí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀. Ní March 2022, EPA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó àyíká, kọ àdúgbò náà mọ́ àwọn ibi tí ìdọ̀tí olóró ti pọ̀jù ní Amẹ́ríkà. Ilé tó ju 2,000 lọ ló kàn.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fi òjé ṣeré. Ní Zamfara ní 2010, ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú, nítorí wọ́n ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé. Ti Atlanta kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjé bíńtín náà ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí hòmóònù. Èyí tí wọ́n ń pè ní auxin ló ń mú kí gbòǹgbò ta. Lúbúlúbú tí àwọn olódòdó máa ń fi ìdí ẹ̀ka bọ̀ kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀, irú rẹ̀ ni. Òjé máa ń ká gbòǹgbò kò. Auxin ń ràn án lọ́wọ́ kó lè fara dà á. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Texas ní El Paso ròyìn pé àwọn da auxin pọ̀ mọ́ EDTA, kẹ́míkà tó ń tú òjé sínú omi, wọ́n fi fún alfalfa, koríko tí màlúù ń jẹ. Òjé tó dé inú ewé ju ìlọ́po 20 lọ.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo gbé bírò, mo ṣírò rẹ̀ fún Mọ́mì. Ẹ̀yìnkùlé tó fẹ̀ tó mítà 10 ní ìbú àti òró, tí a bá wa ilẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, erùpẹ̀ ibẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 20. Ká ní òjé jẹ́ mílígíráàmù 800 nínú kílò kan, tí a fẹ́ kó dín sí 400, kílò 8 òjé la máa yọ. Ká ní a ń kórè kílò 100 ewé gbígbẹ lọ́dún, tí mílígíráàmù 200 òjé wà nínú kílò kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 20 péré ni. Ìyẹn á gba 400 ọdún! Kí hòmóònù sọ ọ́ di ìlọ́po 20 pàápàá, 20 ọdún ni. Mọ́mì ní, "Ọmọ-ọmọ mi ti pé ọdún méjì o."

Kò tán síbẹ̀. Òjo lè wọ́ òjé tí EDTA tú sílẹ̀ lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ewé tí a kórè ti di májèlé, kò ṣeé jẹ, kò ṣeé fi ṣe ajílẹ̀. Gbòǹgbò kò sì lè mu òkúta ìdàrọ́. Èmi ò bu ẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ yìí o. Ilẹ̀ gbalasa tí ẹnikẹ́ni kò gbé ló yẹ ká ti dán an wò.

Ní English Avenue, EPA ń wa erùpẹ̀ burúkú kúrò, wọ́n ń fi tuntun dí i, onílé kì í san kọ́bọ̀. Wọ́n kàn ní láti buwọ́ lùwé pé kí wọ́n wọlé. Àwọn kan ń sá fún ìwé yẹn, bóyá torí ọ̀rọ̀ ìjọba ló dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀yin tó wà níbòmíràn, ọ́fíìsì Extension ti Yunifásítì Georgia ní káńtì yín ń gba erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò lówó pọ́ọ́kú. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 lè ní òjé nínú ọ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun, ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá dé 3.5, ẹ tètè béèrè ohun tó kàn.

Mọ́mì ti buwọ́ lùwé. Tẹ̀tẹ̀ wọn wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí dẹ́ẹ̀kì, nínú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ewúro náà ti ń yọ ewé.